Ẹni Kẹta Nínú Fọ́tò: Bí A Ṣe Ń Síkáànù Fíìmù Àtijọ́ Pẹ̀lú Ìtàn Tó Wà Nídìí Rẹ̀

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni agolo bisikíìtì náà ti wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọdún tí a fẹ́ kun ilé la tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà débi pé ìdí ṣíbí la fi ṣí i. Fọ́tò bí igba ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nẹ́gátíìfù (fíìmù tí dúdú ti di funfun lára rẹ̀, tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò) tí wọ́n ká jọ, rọ́bà tó ti yọ́ mọ́ wọn lára, àti ẹyin aáyán. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà ni ti ọkùnrin mẹ́rin tó wọ aṣọ ẹbí, wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wọn: "Bàbá yín nìyí. Bọ̀dá Àgbà nìyí. Ẹni yìí..." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé. "Mo mọ̀ ọ́n o. Orúkọ rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ mi yìí." Wọ́n bọ́ sórí ẹni kẹrin.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Fíìmù lè fi àádọ́ta ọdún wà nínú agolo kí ó sì ṣeé wò. Ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni kò ní ìdúró. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àgbà ilé la ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Sìkánà á dúró dè wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jókòó ti àgbà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ mú bí ogún fọ́tò lọ bá wọn. Ẹ má da gbogbo agolo sílẹ̀ níwájú wọn, nítorí bí fọ́tò bá pọ̀ jù, àgbà á kàn máa ṣí i kọjá ni, á máa rẹ́rìn-ín, á máa kẹ́dùn ẹni tó ti lọ, ọ̀rọ̀ kò sì ní jinlẹ̀. Ogún tó fún ìjókòó kan. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni ara wọn máa ń yá jù. Ẹ bá wọn wá awò ojú wọn kí ẹ tó jókòó.

Ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń gbà á. Orí tìmùtìmù tàbí aṣọ tí ẹ ká ni kí ẹ gbé fóònù náà lé. Bí ó bá wà lórí tábìlì lásán, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ife omi kalẹ̀ ni á máa dún gbàù nínú rẹ̀. Ẹ pa fáànù. Bí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì bá ń hó, ẹ sún fóònù mọ́ wọn. Kí ẹ tó fi fọ́tò kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́, ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè kí fóònù gbọ́: "Fọ́tò kẹrìnlá." Nọ́ńbà kan náà ni ẹ ó fi pẹ́ńsù rọra kọ sẹ́yìn fọ́tò náà, òun kan náà ni orúkọ fáìlì rẹ̀ á gbé. Báírò kọ́ o: ó máa ń tẹ̀ wọnú bébà débi pé á hàn níwájú, yíǹkì rẹ̀ sì lè ràn mọ́ fọ́tò tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyí?" kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó máa ń dà bí ìdánwò. Àgbà tí kò bá rántí orúkọ á tijú, á ní kí ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Aṣọ ni kí ẹ bèèrè. Ìyá tí kò rántí orúkọ ẹni tó dúró tì í á rántí ẹni tó dá aṣọ ẹbí náà sílẹ̀, iye tí wọ́n tà á, àti ẹni tó gba tiẹ̀ ní àwìn tí kò san án títí di òní. Ìdí gbèsè yẹn ni orúkọ á ti yọ. Ẹ bèèrè irun pẹ̀lú. J. D. 'Okhai Ojeikere, oní-fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojú ẹni náà kì í hàn rárá. Síbẹ̀ ó ń bèèrè orúkọ irun, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ pé Onílé Gogoro ni ti 1975 kan nìyẹn. Irun tó lórúkọ ti di ìtàn. Èyí tí kò lórúkọ, ẹwà lásán ni.

"Ọdún wo ni?" náà kì í mú èsì gidi wá. Ohun tí gbogbo ìlú rántí ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ará Ìbàdàn bá ni wọ́n, ẹ bi wọ́n bóyá fọ́tò náà ṣáájú omíyalé Ògùnpa. 31 Oṣù Kẹjọ 1980 nìyẹn, kò sì sí ẹni tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà tí yóò gbàgbé rẹ̀. (Ọ̀pọ̀ álíbọ́ọ̀mù ló bá omi náà lọ. Bí ìdílé kan ní Ìbàdàn bá sọ pé àwọn kò ní fọ́tò tó ṣáájú 1980, ẹ má bá wọn jiyàn.) Ṣé pọ́n-ùn la ṣì ń ná nígbà náà? Náírà dé ní 1 Oṣù Kìíní 1973. Ṣé owó Udoji, àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ti jáde? Ìparí 1974 wọ 1975 nìyẹn, àìmọye rédíò, aago ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́ tó wà nínú fọ́tò ìgbà náà sì ni owó yẹn rà. Ṣé ogun Biafra ti parí? 1970. Ṣé Àpólò ti ṣe ọmọ náà lójú? Àrùn ojú yẹn gba orúkọ rẹ̀ ní 1969, ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà balẹ̀ sínú òṣùpá. Ìdáhùn méjì nínú irú ìbéèrè báwọ̀nyí á há ọdún mọ́ àárín ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn sì tó wa.

Ohun kan tún wà tí mi ò retí. Nígbà tí ìyá mi dé orí fọ́tò bàbá wọn, wọn ò dárúkọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n. Bí oríkì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ panu mọ́. Ẹ má bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan títí wọn yóò fi mí kanlẹ̀. Ẹ lè bèèrè lọ́jọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yí fọ́tò sẹ́yìn

Ẹ̀yìn fọ́tò ni wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sítúdíò sí: orúkọ oní-fọ́tò, àdúgbò rẹ̀, nígbà mìíràn nọ́ńbà nẹ́gátíìfù tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ kí oníbàárà lè padà wá fọ òmíràn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ "Fún ọ̀rẹ́ mi àtàtà, fi rántí mi" àti ọjọ́. Ẹ síkáànù ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe síkáànù iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe bébà náà máa ń wà níbẹ̀ fírífírí, ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú kí àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn lórí kọ̀ǹpútà, á yọ.

Níwájú, ẹ wo ohun tí kò kan ẹni tí wọ́n ń yà. Bí ilé gogoro Cocoa House ní Ìbàdàn bá yọrí lẹ́yìn wọn, fọ́tò náà kò lè ṣáájú 1965 púpọ̀, ọdún tí wọ́n ṣí i. Bí mọ́tò bá ń gba ọwọ́ òsì títì, ó ṣáájú 2 Oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ tí gbogbo Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o, n óò padà sórí mọ́tò yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ tò ó, ẹ má fọ̀ ọ́

Ẹ ṣí agolo náà níta tàbí lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ fi imú wò ó. Bí òórùn kíkan bíi ti fínígà bá lù yín, fíìmù náà ti ń jẹ ara rẹ̀. Kò sí ìwòsàn, ó sì lè ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀, òun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ síkáànù. Bí fíìmù bá dàgbà gan-an, tó ṣáájú 1951, tí ọ̀rọ̀ náà SAFETY kò sì sí létí rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí iná, kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilé gbígbóná. Irú èyí tó ń gbiná bíi pẹtiróòlù wà nínú wọn.

Ẹ já rọ́bà kúrò. Bó bá ti yọ́ mọ́ fíìmù, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi èékánná ha á. Etí nìkan ni kí ẹ máa di fíìmù mú. Àtẹ̀ka ọwọ́ lójú fíìmù kì í lọ, á hàn bí òpópónà nígbà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́. Fún eruku, rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní ẹ̀níìmà dára púpọ̀: ẹ ra tuntun gbígbẹ, ẹ máa fún un kí atẹ́gùn rẹ̀ gbá eruku lọ. Ẹnu kọ́ ni ká fi fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.

Ẹ má fi omi kàn án. Èmi jẹ ìyà àìmọ̀ lórí èyí. Nẹ́gátíìfù kan wà tó ti bu, funfun bí òwú bò ó lójú. Mo tú píọ̀ wọ́tà sí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo rọra fi nù ún. Omi yẹn mú kí ojú fíìmù rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Nígbà tí mo gbé aṣọ kúrò, ojú àbúrò bàbá mi obìnrin ti bá a lọ. Ọrùn àti ìlẹ̀kẹ̀ ló kù. Mo ṣì síkáànù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ dígí férémù, ẹ má fà á. Ẹ síkáànù rẹ̀ tòun ti dígí. Èyí tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù alátè, irú èyí tó ní ọ̀rá lójú ewé, ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ẹran láàárín eyín rọra gé gọ́ọ̀mù rẹ̀ lábẹ́, láti igun kan dé èkejì. Bó bá ṣagídí, ẹ yà á lórí ewé rẹ̀.

Àkókò náà ní tirẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ kò dára fún iṣẹ́ yìí, eruku á máa bọ́ sórí fíìmù bí ẹ ṣe ń gbá a kúrò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá ni mo fẹ́ràn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Irinṣẹ́, bí owó bá ṣe mọ

Bí kò bá sí owó rárá, fóònù méjì tó. Ẹ tan ojú ọ̀kan funfun báláú, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sókè pátápátá. Ẹ fi dígí tàbí ike tó mọ́ gbé fíìmù ga sókè rẹ̀ bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Bó bá fara kan ojú fóònù náà, àwọn tóótòòtó inú síkírìnì á hàn nínú àwòrán yín. Ẹ gé páálí dúdú yí fíìmù ká kí ìmọ́lẹ̀ má baà jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá fi fóònù kejì yà á láti òkè gbọnrangandan, láìlo súùmù. Ohun kan wà nínú sẹ́tíǹgì ọ̀pọ̀ fóònù, níbi tí wọ́n kó àwọn nǹkan tó wà fún aláìríran dáadáa sí, tó máa ń yí àwọ̀ ojú fóònù padà: dúdú á di funfun, funfun á di dúdú. Ẹ tàn án, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ kọ ọ́ sí nẹ́gátíìfù. Iwin inú fíìmù á di ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi pariwo nígbà tí wọ́n rí ara wọn pẹ̀lú gèlè tí wọ́n ti gbàgbé. Fíìmù yẹn kò tíì di fọ́tò rí. Kò sí ẹni tó lówó láti fọ gbogbo rẹ̀ nígbà náà.

Fún fọ́tò orí bébà, PhotoScan, áàpù fóònù tí Google gbé jáde ní 2016, wúlò, nítorí ó máa ń ya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mélòó kan kó lè yọ ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà lójú rẹ̀. Ó dára fún fọ́tò tí ẹ bá nílé onílé tí wọn ò jẹ́ kí ẹ gbé jáde. Fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ bá, ẹ wá sìkánà gidi, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ wà nínú ìdérí rẹ̀. Sìkánà ọ́fíìsì lásán kò lè ka nẹ́gátíìfù. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú fíìmù kọjá.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn ṣe, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó fi sílẹ̀: dpi mélòó (mo ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ karùn-ún), irú fáìlì wo, ṣé ẹ kò ní gé e? Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo gbé tèmi lọ nígbà kan gé fíìmù náà lẹ́yọ lẹ́yọ kó lè wọ ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo sanwó náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Iye dpi, àti ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn

Dpi ni iye tóótòòtó tí sìkánà ń kà nínú ínṣì kan. Fọ́tò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti tóbi tẹ́lẹ̀, 600 dpi tó o, èyí tó bá ju ìwé àjákọ lọ kò nílò ju 300 tàbí 400. Nẹ́gátíìfù ló kéré. Fírémù fíìmù kékeré tí gbogbo wa mọ̀ kò ju mìlímítà 36 sí 24 lọ, nítorí náà 3200 dpi ni mo máa ń lò, ìyẹn sì ń fún mi ní nǹkan bíi 4,500 sí 3,000 tóótòòtó, ó tó láti tẹ fọ́tò ńlá tí wọ́n ń gbé síwájú pósí. Fíìmù onígun mẹ́rin tí àwọn oní-sítúdíò ń lò nínú kámẹ́rà Yashica àti Rolleiflex fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, 2400 ti pọ̀ tó fún un. Ẹ má jẹ́ kí 6400 tí wọ́n kọ sára páálí sìkánà tàn yín. Fáìlì yín á wúwo, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kò ní pọ̀ sí i.

Nínú irú fáìlì, TIFF ni kí ẹ fi pamọ́, JPEG ni kí ẹ máa pín. TIFF kì í pàdánù nǹkan kan, JPEG máa ń ju díẹ̀ nù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un fi pamọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ohun tó ń pa eruku rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ lò ó fún fíìmù aláwọ̀, ẹ pa á fún dúdú-àti-funfun. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí ni ẹ̀rọ náà fi ń wá eruku. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń gba inú fíìmù aláwọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n fàdákà inú fíìmù dúdú-àti-funfun ń dí i lọ́nà, ẹ̀rọ á sì rò pé imú ènìyàn ni eruku.

Ní ti mọ́tò: fíìmù ní ojú méjì, ọ̀kan ń dán, èkejì kò dán. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ, ọ̀tún á di òsì. Mo ti rí fọ́tò kan tí mo fi gbogbo ẹnu sọ pé ó ṣáájú 1972 nítorí mọ́tò tó ń gba ọwọ́ òsì, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan béèrè pé ìgbà wo ni bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ti yí sí òdìkejì. Ẹ wo lẹ́tà tó wà létí fíìmù. Bó bá ṣeé kà tààrà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ti gbé e dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fọ́tò àti fíìmù rẹ̀, ẹ ṣe méjèèjì

Àwọn kan máa ń sọ pé bí nẹ́gátíìfù bá wà, kí la fẹ́ fi fọ́tò ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá nínú agolo.

Fọ́tò ìbejì kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin méjì, bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Olúkúlùkù wọn jókòó sórí àga tirẹ̀, búláòsì kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Mo síkáànù rẹ̀, mo sì fẹ̀ ẹ́. Etí búláòsì ẹni ọwọ́ ọ̀tún ká sókè díẹ̀. Ti ẹni ọwọ́ òsì náà ká sókè, níbì kan náà gan-an. Okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì tú lára ọ̀kan. Ó tú lára èkejì. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á láàárín láti òkè dé ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo kan nẹ́gátíìfù rẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó sínú rẹ̀.

Mo gbé e fún ìyá mi. "Táyé ló ti lọ," ni wọ́n wí. "Kẹ́hìndé nìkan ni wọ́n rí gbé lọ sí sítúdíò."

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí láàárín àwọn oní-fọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa àṣà yìí ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, oní-fọ́tò á ya ẹni tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọmọ tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan, á wọ aṣọ obìnrin fún èkejì. Àwọn ìyá kan ń tọ́jú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ère ìbejì.

Bí mo bá síkáànù fíìmù nìkan, Táyé kò sí níbẹ̀. Bí mo bá síkáànù fọ́tò nìkan, ọgbọ́n oní-fọ́tò náà kò sí níbẹ̀. Ẹ wá wo ìlà àárín yẹn: ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà á fẹ́ pa rẹ́ nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ má tún nǹkan kan ṣe lára fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ yọ eruku àti bíbu lára ẹ̀dà. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń kun fọ́tò dúdú-àti-funfun láwọ̀, tó sì ń la ojú tó ti parẹ́, mo ti gbìyànjú wọn. Wọ́n fún bàbá mi ní ètè ẹlòmíràn, wọ́n sì mú ilà ojú rẹ̀ kúrò bí ẹni ń tún ọgbẹ́ ṣe. Bí ẹ bá lò ó, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ẹ̀rọ ló kùn ún.

Ìgbésẹ̀ keje: Orúkọ fáìlì àti ibi ìpamọ́

Tèmi rí báyìí: 014_iwaju, 014_eyin, 014_fiimu, 014_ohun. Bí mo bá mọ ọdún, mo máa ń fi ṣáájú, 1975_014_iwaju. Bí ọdún kò bá dá mi lójú, 197x. Mi ò fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì nítorí àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń sọ ọ́ di wúruwùru. Ṣùgbọ́n nínú àkọlé tí mo ń kọ sínú fáìlì fúnra rẹ̀, ní àyè ìjúwe tí ètò fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní, mo máa ń fi àmì sí i pé. Orúkọ ènìyàn láìsí àmì, ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester lè pè é ní nǹkan mìíràn títí ayé.

Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì dísìkì tó wà nílé ẹlòmíràn, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílé ẹlòmíràn, mo tún un sọ. Olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà yín kò ní fi háàdì dísìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ju fíìmù nù lẹ́yìn tí ẹ bá síkáànù rẹ̀ tán. Àpòòwé bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, tí wọ́n máa ń kó sínú páálí bàtà tuntun, sí i. Kó má wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ páànù, níbi tí ooru ti ń sè é; kó má sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ikán lè dé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Pípín in

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó wà lókè òkun rí gbogbo rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Nínú gúrúpù ẹbí, ẹ̀yọ kan lọ́sẹ̀ kan tó. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún jọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, "wow" àti àmì ọkàn pupa ni ẹ ó rí gbà. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì dá ohun tí ẹ kò mọ̀ sọ. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dákẹ́ bí wọ́n bá rí àlàfo, pàápàá bí wọ́n bá rí àṣìṣe.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà láàyè kí ẹ tó gbé fọ́tò rẹ̀ síta. Fọ́tò ìhòòhò ọmọdé, ẹ má gbé e sí ibikíbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti di bàbá àgbà. Fọ́tò opó nínú aṣọ dúdú, fọ́tò ìgbéyàwó tó ti tú, fọ́tò ìkómọ ibi tí ìyá ọmọ kì í ṣe ìyá tí gbogbo ilé mọ̀: ẹ gbé wọn fún àgbà kan wò ná. Mo ti rí gúrúpù ẹbí tó fọ́ sí méjì lórí fọ́tò 1978. Bí òǹtẹ̀ sítúdíò bá wà, ẹ dárúkọ oní-fọ́tò. Wọ́n ti san owó fọ́tò fún un. Wọn ò tíì san ti orúkọ.

Kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan jáde fún àgbà tó jókòó tì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tóbi tó ohun tí ojú wọn lè rí láìlo awò.

Fọ́tò kẹrìnlá, ọkùnrin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì, ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé e sí gúrúpù wa. Mo kọ orúkọ mẹ́ta, mo ní a kò mọ ẹni kẹta. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ohùn àǹtí mi tó wà ní Manchester wọlé, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì, ẹ̀rín ló gba ìdajì rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Télọ̀ nìyẹn! Kì í ṣe ẹbí wa rárá. Àjẹkù aṣọ tí wọ́n gbé fún un ló fi rán tiẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wá sóde, ó bá wọn jókòó, bàbá yín ní kí wọ́n fi í sílẹ̀."

Mo pè wọ́n padà. Wọn ò rántí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rántí ojúlé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Mo fi ohùn náà sínú fódà, 014_ohun2, mo sì lọ yí àkọlé padà: ẹni kẹta láti ọwọ́ òsì, télọ̀ tó rán aṣọ náà; orúkọ rẹ̀ ń bọ̀.